Ìrọ̀lẹ́ Sátidé Tí Ayò Wọ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ṣé ẹ̀yin náà ti rántí ètò kan rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ bi gbogbo ará ilé léèrè rẹ̀, tí oníkálukú gbọn orí pé òun kò mọ̀ ọ́n, títí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá lójú oorun lẹ ti wò ó? Èmi ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní àwọn ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ̀rúndún tuntun yìí, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, àwọn ètò kan máa ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n wa bí òṣùmàrè, wọn a sì tún parẹ́ kí ẹni tó lọ pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó tó padà dé. Mo rántí eré kan tí ọkọ ìyàwó kan ti ń kan ilẹ̀kùn ilé àna rẹ̀ láti lọ bẹ̀bẹ̀ nígbà tí àkókò ọjọ́ náà tán. A dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi hàn wá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà àna rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣílẹ̀kùn fún un. Mo tún rántí àwọn àgbà méjì kan tí wọ́n máa ń jiyàn lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jinlẹ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn láti orí àga mi, ìyàwó mi a sì ní kí n rọra, pé wọn kò gbọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà wá. Ètò ayò ni. Mo ní ayò, ayò ọlọ́pọ́n tiwa gan-an, tí wọ́n gbé kúrò lábẹ́ igi lọ sí iwájú kámẹ́rà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọpọ́n ayò tó kún ojú tẹlifíṣọ̀n láti ìgun dé ìgun, orí mi wú. Mo ti rí ààfin ọba òyìnbó nínú àpótí yẹn, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń rìn lórí òṣùpá, kò yà mí lẹ́nu tó ti ọmọ ayò tó ń bọ́ sínú ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo pariwo pe gbogbo ilé. Ẹni àkọ́kọ́ tó jáde wá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi. Òun nìkan ni kò rí i.

Ìkòsí là ń gbé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Abẹ́òkúta, láyé ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìwé tó jáde. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí, mo ní kó wá bá mi gbé. Àìsàn ojú kan ti ń bá a jà kó tó dé, irú èyí tí kì í dunni, tó jẹ́ pé láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń mú ìríran lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ojú ti là á mọ́lẹ̀ fún wa pé èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà sì ń kó ẹrù rẹ̀. Lásìkò tí mo ń sọ yìí, ó lè mọ ibi tí fèrèsé wà nítorí ìmọ́lẹ̀, ó sì lè mọ̀ pé ènìyàn kan kọjá, bí òjìji. Ó tán síbẹ̀. Awò dúdú kan tó wuyì ló máa ń wọ̀, aṣọ rẹ̀ kì í sì í ní ẹrẹ̀ tàbí ìkákò. Àlejò tó bá rí i lórí àga rẹ̀ a rò pé adájọ́ àgbà kan ló ń sinmi.

Àmọ́ kò sí ẹni tó lè nà án ní ayò ní gbogbo àdúgbò wa. Igi fúrúùtù kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní òpópónà wa, abẹ́ rẹ̀ ni pápá ìjà. Fún àǹfààní àwọn ọmọ ìwòyí tí wọn kò ta á rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní ṣókí. Ọpọ́n náà ní ilé méjìlá, mẹ́fà níhà tèmi, mẹ́fà níhà tìrẹ, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Màá kó ọmọ inú ilé mi kan, màá sì máa fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yíká. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé tìrẹ, tó sọ wọ́n di méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, mo jẹ wọ́n nìyẹn; bí àwọn ilé tìrẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà bá sì rí bẹ́ẹ̀, mo jẹ wọ́n pẹ̀lú. Ẹni tó bá jẹ jù ni ọ̀ta. Ẹni tí wọ́n jẹ ni òpè, etí rẹ̀ yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́, torí pé ẹ̀fẹ̀ àti èébú wà lára ayò bí iyọ̀ ṣe wà lára ọbẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan bó ṣe ń ṣe é. Ó yà á lẹ́nu pé mo bèèrè. Ó ní, “Ọmọ ayò tó bọ́ sínú ilé tó ṣófo, igi ló ń kàn. Èyí tó bọ́ lé orí ẹgbẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Mo mọ iye tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ibi tí ẹni tí mò ń bá ta ti kó o, tí mo sì gbọ́ ibi tó parí sí, kí ló kù?” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà Kétu fún mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ètò ayò náà ti wà lórí afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọbìnrin tó ń ṣe alákòóso rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti àdúgbò dé àdúgbò láti wá àwọn tí yóò figagbága. Bó ṣe dé abẹ́ igi wa nìyẹn, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà lé èjìká. Télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wa. Òun ló kọ́kọ́ fò dìde.

“Aunty, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu dé Ọ̀jọ́tà. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá ló jókòó yẹn. Gbogbo àwa tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, òpè rẹ̀ ni wá.”

“Ìwọ nìkan ni òpè,” ni ẹnì kan dá a lóhùn. “Èmi, ara mi ni kò yá lọ́jọ́ yẹn.”

“Láti ọdún wo ni ara rẹ kò ti yá?”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo bó ṣe ta ọpọ́n kan, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Dádì, ẹ ó bá wa wá. Ṣùgbọ́n ẹ ó bá wa bọ́ awò yẹn o, iná wa máa ń kọ mànà lára rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọmọ mi, ojú mi kò gba iná sára. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.” Ó gbà. Kò bèèrè sí i.

Nígbà tí a ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní ó yẹ kí a sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Bí o bá sọ fún wọn, wọn ò ní wo ayò mi mọ́. Ojú mi ni wọn yóò gbé kámẹ́rà sí. Wọn yóò máa wí pé, ‘Ẹ wo bàbá yìí, ó mà ṣe o.’ Èmi kò fẹ́ ‘ó mà ṣe o’. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tí kò mọ̀ mí rí, níbikíbi tó bá wà, wò mí kó ní, ‘Ọ̀ta nìyí.’ Àbúrò, ilẹ̀ ń ṣú mọ́ mi. Kí ó tó ṣú tán, jẹ́ kí n fi ara mi sílẹ̀ sínú nǹkan yẹn, níbi tí iná wà.”

Ìyàwó mi ní, “Bùọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá wá ṣubú lójú gbogbo ayé ńkọ́?”

“Ìyàwó, orí àga ni wọ́n ti ń ta á. Ibo ni mo fẹ́ ṣubú sí?”

A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí fún un. Bí àwọn ènìyàn náà bá fura, wọn yóò dá a padà sílé bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ wọn jẹ, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ohun ìyanu bí ẹran àfiṣèranwò. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ni yóò pa á lára ju òkùnkùn tó ń bọ̀ wá bá ojú rẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn kan ní Ifákọ̀ ni wọ́n ti ń gba ètò náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a jọ wọlé. Ẹnikẹ́ni kò wò wá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹ̀gbọ́n tó gbé ọwọ́ lé àbúrò rẹ̀ léjìká kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀yìn àga, ó jókòó bí ọba. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ọpọ́n, mo sì rí i tí iwájú orí rẹ̀ ká jọ. Wọ́n ti tẹ́ àrán pupa tó nípọn sábẹ́ ọpọ́n, wọ́n tún yí i ká sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè lẹ́wà.

“Ọmọ mi,” ló pe alákòóso, “ẹ bá wa ká aṣọ yìí kúrò. Ayò kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ká a. Ó fi ìka kan ọpọ́n lórí tábìlì lásán, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ kó bá a ta ni ọkùnrin kan láti Gbàgádà, olówò irin ìkọ́lé, ẹni tó ṣíngbọnlẹ̀, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀. Télọ̀ wa ti gbọ́ òkìkí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi ní etí. Wọ́n ní ọwọ́ ọkùnrin náà rọ̀ bí òwú. Bó bá ń fi ọmọ ayò sílẹ̀, ẹni tó jókòó tì í kì í gbọ́ nǹkan kan. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ẹni tó ń bá a ta má baà rí ohùn fi ka nǹkan. Mo wò ó níbi tó ti ń fi ayò dánra wò lórí ọpọ́n mìíràn. Òtítọ́ ni. Ọmọ ayò ń bọ́ láti ọwọ́ rẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo rò ó pé ti ẹ̀gbọ́n mi ti tán, pé òkùnkùn tí ó ń sá fún ti ṣíwájú rẹ̀ dé orí ọpọ́n.

Alákòóso kígbe pé kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wúkọ́. Iná tàn, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkùnrin Gbàgádà wo ẹ̀gbọ́n mi, ó rí ewú orí rẹ̀, ó mọ̀ pé àgbà òun ni. Ó dìde ní ìjókòó rẹ̀, ó yí tábìlì po, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Nítorí pé wọ́n ti ní kí a dákẹ́, kò la ẹnu. Àyà rẹ̀ nìkan ló fi kí i, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sì gbé ìró rẹ̀ mì.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó kọjú síwájú. Kò wò ó. Kò na ọwọ́ sí i. Kò ní kó dìde.

Ọkùnrin náà wà nílẹ̀, ó ń dúró de ohùn. N kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lókè orí wa, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi, àṣírí tú. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó sì padà sí àga rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Gbogbo ilé ló rí i pé wọ́n ti fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Ó ní, “Ó dáa, Alàgbà. Ẹ jẹ́ ká ta á.”

Ó kó ayò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ayò àkọ́kọ́ tí ó fi sílẹ̀ dún bí òkúta lórí páànù! Èkejì tún le jù bẹ́ẹ̀. Pá, pá, pá. Ìbínú ti gba òwú kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yí orí díẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di etí ọpọ́n mú, mo sì rí ẹ̀rín kékeré kan tó yọ ní igun ẹnu rẹ̀. Kò mọ ohun tó fa ìbínú ọ̀hún. Ó kàn mọ̀ pé wọ́n tan iná fún òun ni.

Wọ́n ta á. Ọkùnrin Gbàgádà kọ́kọ́ jẹ, ó tún jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a lóhùn. Ó ń kó ọmọ jọ sínú ilé kan níhà tirẹ̀, ó ń jẹ́ kí ó ga, ohun tí a ń pè ní odù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìnà. Bó bá ti na án, orí ilé tó fẹ́ ló ń bà sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ètò náà le: ilé tí ọwọ́ rẹ bá kàn, dandan ni kí o ta á. Ẹni tó ríran gan-an ń ṣi ọwọ́ kàn. Òun kò ṣì í.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé àárín ni ọkùnrin náà fura pé nǹkan ti ń yí. Ó mí sínú, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọwọ́ rẹ̀ sì padà di òwú. Ó kó ilé kan, ó fi wọ́n sílẹ̀ yíká, n kò gbọ́ ìró kankan níbi tí mo jókòó sí. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó kan ẹ̀gbọ́n mi.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó sì dúró sí òfuurufú lókè ọpọ́n. Kò sọ̀kalẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọrùn rẹ̀ nínú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Alákòóso ti ń wo aago rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ padà sí itan, ó sì la ẹnu.

“Ìwọ ọmọ Gbàgádà. Ṣé ò ń sin àwọn ọmọ ayò yìí ni? Wọ́n ní irin lò ń tà. Irin wo ló rọ̀ tó báyìí?”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́,” ni alákòóso wí, “a ní kò sí ọ̀rọ̀.”

“Ọmọ mi, ẹ wá wo abẹ́ igi wa. Ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n ti ń ta ayò bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú? Òpè yìí ń bẹ̀rù mi, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu.”

Ojú ọmọbìnrin náà lọ sọ́tùn-ún sósì. Ó ní, “Ó dáa, ẹ lè bá ara yín ṣeré. Kí ẹ má kàn bú ara yín ju bó ṣe yẹ.” Télọ̀ wa, tí ìdákẹ́jẹ́ ti fẹ́ pa, pariwo láti ẹ̀yìn pé, “A dúpẹ́ o! Ọ̀ta, ẹ jẹ ẹ́ tegungun-tegungun!”

“Ta lò ń pè ní òpè?” ọkùnrin Gbàgádà bú ramúramù. “Èmi? Àgbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni! Mo ta ilé kẹta mi, mo sì parí sí ilé kejì yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún un ta ni?”

“Tún ẹnu rẹ ṣe, ayò rẹ ti tó mi,” ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. Ó ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí odù, ó kó gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún dẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí ọpọ́n po, ó fo ilé tí ó ti kó wọn gẹ́gẹ́ bí òfin, ó tún wọ ilé ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó gbẹ̀yìn bọ́. Ó jẹ ilé yẹn, ó jẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún jẹ èyí tó tẹ̀lé e. Ara mi bù máṣọ. Mo ti ń wò ó lábẹ́ igi tipẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ iná funfun yẹn, pẹ̀lú ọwọ́ àgbà tó ń rìn lórí igi bí ẹni ń rìn nínú yàrá ara rẹ̀, mo rí i pé èmi tí mo ní ojú méjì kò tíì ríran dé ibi tí ọkùnrin yìí rí.

Nígbà tí wọ́n kéde pé òun ló yege, ọkùnrin Gbàgádà kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ohun tó bí i nínú? Ó dọ̀bálẹ̀ fún yín níbẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì dáhùn.”

Ó yí orí sí mi. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nílẹ̀ẹ́lẹ̀?”

“Gbalaja.”

“Aṣọ wo ló wọ̀?”

“Agbádá funfun.”

“Yéè!” Ó fi ọwọ́ bo ojú. “Ó fi funfun kan ilẹ̀ fún mi, mo sì jókòó bí igi. Wá ọkùnrin yẹn kàn fún mi, kí o sọ òtítọ́ fún un. N kò fẹ́ borí ẹni tó rò pé mo kórìíra òun.”

Mo lọ sí Gbàgádà. Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín irin. Nígbà tó rí mi, ó ní, “Ṣé ẹ̀gbọ́n yín rán yín wá láti fi mí ṣẹ̀sín ni?”

Mo ní, “Rárá. Ó ní kí n wá bẹ̀ yín. Kò rí yín lọ́jọ́ yẹn ni.”

“Kò rí mi bí i báwo? Èmi tí mo tóbi báyìí?”

“Kò ríran, ọ̀gá. Ojú rẹ̀ ti lọ.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi èdè mìíràn sọ̀rọ̀. Ó rọra jókòó lórí òkìtì irin, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. “Kò ríran,” ló ń wí. “Kò ríran, ó sì jẹ mí ní ilé mẹ́ta léraléra.” Ó tún wí pé, “Ọlọ́run ọba.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún àwọn onítẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Ta ni màá sọ fún? Ta ni yóò gbà mí gbọ́?”

Sátidé tí wọ́n fẹ́ fi ayò náà hàn, ilé wa kún dé ẹnu ọ̀nà. Télọ̀ ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ wa láti àárọ̀, nítorí pé a mọ àwọn oníná. Kò sì yà wá lẹ́nu pé kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe dún báyìí ni a gbọ́ ohùn ńlá kan lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n! Mo ti wà nílẹ̀ o! Àyà mi kan ilẹ̀! Bẹ́ ẹ bá tún ní ẹ ò rí mi, ẹ wá fi ọwọ́ kàn mí!”

Ọkùnrin Gbàgádà ni, gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì wa, láàárín bàtà àwọn ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fi ọwọ́ wá a kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan orí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó pa á léjìká. “O tóbi lóòótọ́,” ló wí. “Dìde, ọmọ bàbá mi. Wàá pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n òpè ṣì ni ọ́.”

“Mo gbà,” ni ọkùnrin náà wí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kún ojú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo iṣan rẹ̀ hàn, èékánná tí ìyàwó mi bá a gé hàn. Àwọn ará ilé hó. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn síwájú, ó yí etí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Níbo ni ayò wà?” ló bèèrè. “Èmi kò gbọ́ ayò.”

Ìgbà náà ni mo tó kíyèsí i. Wọ́n ti yọ ohùn ọmọ ayò kúrò. Orin dùùrù dídùn kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó lè bá ẹwà àwòrán náà mu. Ẹni gbogbo lè wo ọ̀ta náà báyìí. Òun nìkan ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe, torí pé n kò lè ka ayò tó ń yára bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin Gbàgádà kúrò lórí àga tí wọ́n fún un. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọkàn sí mi. Mo kó ilé kìíní mi nísinsìnyí.” Ó sì ń fi ìka kan orúnkún rẹ̀ fún ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan tó ń bọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. “Ó kàn yín. Ẹ kó ilé karùn-ún.” Ó tún ń kan án. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ó ń ka ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ fún ẹni tó fi jẹ ẹ́, kò fo ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ibi odù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí lẹ ti pa mí. Ẹ gbé ọwọ́ yín wá.” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi ìka ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kan orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan, títí odù fi tán. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè, ẹ̀rín kékeré ọjọ́ yẹn sì padà sí igun ẹnu rẹ̀. Gbogbo ilé ń wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi kò wò ó mọ́. Àwọn méjì yẹn ni mò ń wò, n kò sì tíì rí ètò kankan tó tó o láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun wá ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà, kó lè wà nílé fún àwọn ọmọ. Kí n tó ráyè lọ, ètò ayò náà kò wá mọ́ ní Sátidé. Fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan ni wọ́n gbé sí àkókò rẹ̀, wọn kò sì ta ìpele tó kù nínú ìdíje náà. Ìríran díẹ̀ tó kù fún ẹ̀gbọ́n mi lọ pátápátá nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn. Nígbà tí mo rí alákòóso bá sọ̀rọ̀, ó ní kásẹ́ẹ̀tì wọn kò tó, pé wọ́n ti tún èyí tí ayò ẹ̀gbọ́n mi wà lórí rẹ̀ lò. Ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ti gbà sórí rẹ̀.